Orúkọ Tí Mo Pè Lórí Afárá

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, láti ìkóríta Jùbílì ní Ìkàrẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ mi ní Ọ̀kà: "Ìyá Káyọ̀dé, báwo ni Òkè Ọya ṣe rí?" Bí mo bá sì ní kí n máa dáhùn, ojú yín á ti wà lára àpò mi, ẹ ń wò ó bóyá ẹja gbígbẹ ṣì kù níbẹ̀. Ẹja ti tán. Ọ̀rọ̀ ló kù, kò sì ṣeé sọ lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ ohun tó gbé mi lọ, ṣùgbọ́n kí àlejò lè gbọ́ ọ: ọkọ mi wa tírélà sìmẹ́ǹtì lọ sí ìhà ibẹ̀ nígbà tí ogun ṣì gbóná. Àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù fọ́ afárá ńlá tó wà lójú títì ọ̀hún, wọ́n sì fọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. A kò rí òkú ọkọ mi, a kò rí tírélà rẹ̀. Àwọn ẹbí ní ó ti kú. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ní irọ́ ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún nínú ilé òun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ní alaalẹ́ ló ń bu iyán ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, á dé e, á gbé e sórí pẹpẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kó o fún ewúrẹ́ láìsọ̀rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó, n kì í ṣe opó, n kì í sì í ṣe abilékọ. Bí mo bá ń kọjá láàárín ìlú, àwọn èèyàn kì í mọ irú kíkí tí wọn ó kí mi.

Nígbà tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ àtúnkọ́ afárá náà jáde, wọ́n fi ọmọ ẹbí ọkọ mi kan, Alhaji Múrí, ṣe fóómàn àwọn tó ń di irin. Ó ń kó àwọn ọmọkùnrin láti Ọ̀kà àti Àkùngbá lọ, ó sì ní wọn ò ní lè máa jẹ tùwó lójoojúmọ́, pé òun ń wá ẹni tí yóò máa dáná fún wọn. Mo ní èmi nìyí.

Yèyé sìn mí dé ẹ̀bá títì. "Bí o bá rí i, mú un wá ulé," ló wí. "Bí o ò bá rí i, má wá sọ fún mi pé ó ti kú. Èmi ni mo bí i. Bó bá kú, màá mọ̀."

Dídé

N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí wọ́n bẹ̀ mí kí n má dárúkọ rẹ̀. Ó ti kọjá Yola dáadáa, ó wà létí odò kan tó fẹ̀ ju èyí tí mo rí rí lọ. Àwa Àkókó, ibikíbi tí a bá gbójú sí, òkè ni. Òkúta ló ń dá ojú wa padà. Níbẹ̀, kò sí ohun tó dá ojú mi padà. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀, kò yàtọ̀ sí ìgbà tí ènìyàn bá da ẹ̀kọ́ sínú omi: ọ̀run funfun, ilẹ̀ funfun, a kò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí.

Inú ọyẹ́ yẹn ni afárá náà ti yọ sí wa lójijì. Ó ti etí odò nà, ó nà dé àárín omi, ó sì dúró níbẹ̀. Ìdajì kejì wà ní òdìkejì odò, ó ń wo èyí. Irin yọ lẹ́nu ibi tó ti gé, ó rọ̀ wálẹ̀ bíi gbòǹgbò tí àgbàrá ti wọ́ ìyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọkùnrin wa tó ti ń pariwo láti Jos panu mọ́. Alhaji Múrí yọ tẹ̀súbáà rẹ̀ jáde, ó ń kà á lábẹ́ ètè.

Òdìkejì ni àgọ́ wa wà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì ni wọ́n fi ń sọdá. Àwọn ọkùnrin ti bá ẹrù lọ ṣáájú. Èmi bá àwọn ará ìlú wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ náà gùn, èèyàn kún un bámúbámú, wọ́n fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n láàárín gan-an, pákó ìjókòó kan wà tí wọ́n tẹ́ ẹní lé, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo rí àyè, mo jókòó.

Ọkùnrin tó ń tukọ̀ gbé àjẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yí ojú sí omi. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà yí tirẹ̀, wọ́n ń yí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi sí ojú kan tó kọjú sí mi nínú ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí tí a fi sọdá. Nígbà tí a gúnlẹ̀, atukọ̀ fò sínú omi, ó di ọkọ̀ mú fún mi, ó tẹrí ba, kò wò mí lójú. Mo na owó sí i, ó gbọn orí, ó sì tún tẹrí ba sí i.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní, hàà, àwọn èèyàn yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Ọmọ tiwa ní Ìkàrẹ́ lóde òní á tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Níbí, àgbàlagbà ọkùnrin ń wolẹ̀ nítorí tèmi.

Ìwà àwọn ará ibẹ̀

Ọ̀wọ̀ náà kò dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Bí mo bá lọ ra ata ní ọjà wọn, ẹni tó ń tà á kì í fi í lé mi lọ́wọ́. Á gbé e kalẹ̀, á sún sẹ́yìn, á ní kí n mú un. Bí mo bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé á dákẹ́ eré, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí mi títí n ó fi kọjá. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni orúkọ mi. Ìyẹn kò tilẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ta ló ń pè mí lórúkọ ní Ọ̀kà? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìn mí wọ ilé ọkọ, "ìyàwó" ni mí, nígbà tí mo bí Káyọ̀dé mo di Ìyá Káyọ̀dé, ó parí.

Ní gbogbo òwúrọ̀, n ó bá oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà mi, nínú igbá tí wọ́n fi ọmọrí dé: tùwó ọkà bàbà, ọbẹ̀ ewé oṣè tí wọ́n ń pè ní kúkà, àti ẹja odò ńlá kan. Oúnjẹ náà ì bá dára, àfi pé kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀ẹ̀kan tí iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo ń bú wọn nínú ara mi pé kí ló dé tí obìnrin odindi ìlú kò mọ ọbẹ̀ sè. Èmi náà á bù fún wọn nínú púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí mo gbé láti ilé, mo sì ń gún iyán tí ó ń fà, mo ń bu ẹ̀gúsí sí i, ṣùgbọ́n ará ìbílẹ̀ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kì í jẹ nínú ìkòkò mi. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á sì lọ jẹun lábẹ́ igi.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn obìnrin ọ̀sán. Bí oòrùn bá rọ̀, wọ́n á wá sí ilé ìdáná mi, ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní èdè wọn. Òmíràn á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òmíràn á sunkún. Mo ní àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi, àwọn ọlọ́kàn rere. Bí ọ̀kan bá ti dákẹ́ báyìí, n ó ní, "Àmín o. Àmín, àṣẹ." Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á dìde lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ni Lámì. Opó ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó ti gbé ní Ṣáṣá ní Ìbàdàn rí, Alhaji sì gbà á kó máa bá mi bẹ iṣu. Lọ́jọ́ tí a pàdé, ó bi mí pé ta ni mo wá wá. Mo ní, "Bàbá Káyọ̀dé ni. Awakọ̀ tírélà ni." Mo rí i tó lọ bá ìyá àgbà kan tó ni gbogbo ọkọ̀ ojú omi ìlú náà, Kákà ni wọ́n ń pè é, tó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Lámì ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iṣu ló máa ń wò bó bá ń bá mi sọ ọ́. Mo bèèrè ọkọ mi lọ́wọ́ ẹni gbogbo nípasẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti bèèrè, wọ́n á tẹrí ba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á rọra kúrò.

Họ́ọ̀nù

Ní ọ̀sán gangan, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún ìrun àti oúnjẹ, odò náà máa ń dákẹ́ pẹ̀lú. Ìgbà yẹn ni n ó gbọ́ ọ. Láti ìsàlẹ̀, lápá ibi tí wọ́n ti ń ri ọ̀pó tuntun, họ́ọ̀nù ọkọ̀ ńlá kan á dún, ohùn mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn á sì falẹ̀, omi á mu ún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo àwọn ọmọkùnrin wa. Wọ́n ń jẹun, wọ́n tẹjú mọ́ abọ́. Mo lọ bá Alhaji lórí ẹní ìrun rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Atẹ́gùn ni," ló wí. "Inú páìpù ló ń gbà. Ùyàwó, ṣáà máa wo ìkòkò rẹ."

Atẹ́gùn kì í fun ohùn mẹ́ta. Họ́ọ̀nù yẹn, ọkọ mi ló lọ ṣe é ní Ìkàrẹ́, ó ní òun kò fẹ́ irú èyí tí ẹlòmíràn ní. Bó bá ń bọ̀ láti ìrìn àjò, ìsàlẹ̀ òkè ni yóò ti fun ún, Yèyé á sì gbé iṣu kaná kó tó dé òkè. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, òótọ́ ni yóò jẹ́.

Afárá ń lọ síwájú. Àwọn ọ̀pó yọ lójú omi, wọ́n gbé irin gùn wọ́n, wọ́n da kọnkéré. Lójoojúmọ́ ni apá tuntun ń sún mọ́ apá àtijọ́. Inú àwọn ọ̀gá ń dùn. Àwọn ará ìlú kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Wọ́n á dúró létí odò, wọ́n á máa wo àlàfo tó kù, àwọn mìíràn á sì máa gbé ètè bí ẹni tó ń kọ́ ohun tí yóò sọ.

Ohun tí Lámì sọ

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Kákà fúnra rẹ̀ wá sí ilé ìdáná. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi bíi ti àwọn yòókù, ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó fi ọwọ́ júwe ìga ọmọ kan, ó tún fi júwe ìga mìíràn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbé igbá wàrà kan kalẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní, "Àmín, Mọ̀mọ́. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run."

Lámì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹkún ló sì gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà. Nígbà tí Kákà lọ tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àmín mọ́. Kì í ṣe àdúrà."

"Kí ni nígbà náà?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń rán yín. Kákà ní kí ẹ sọ fún ọmọ òun pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dàgbà, ó ti lọ ilé ọkọ."

"Ọmọ rẹ̀ wo? Níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n?"

Iṣu ló ń wò. "Ó wà lórí afárá lọ́jọ́ yẹn."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ìlú yẹn, bí ènìyàn bá bọ́ sómi láti orí afárá, àwọn ẹbí rẹ̀ á lọ dúró ní orí ilẹ̀ lẹ́nu afárá náà, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, á gòkè, á rìn bọ̀ lórí afárá, á sì lọ sinmi nílé rẹ̀. Afárá tó ti orí rẹ̀ bọ́ náà ló gbọ́dọ̀ gbà wá. Ṣùgbọ́n afárá ti gé. Láti ìgbà ogun, wọn kò rí ọ̀nà pè wọ́n, àwọn òkú náà sì ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ, wọ́n ń bá a bọ̀, wọn kò lè sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àyè sílẹ̀ fún wọn láàárín ọkọ̀, tí wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀.

"Ẹ jáde láti inú ọyẹ́," Lámì wí. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ yín. Ẹ jókòó sórí ẹní yẹn. Ẹ wá ń bèèrè awakọ̀ tó ti kú. Wọ́n ní ẹ wà lára wọn, pé ẹ ṣáà rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ ni."

Inú bí mi. "Èmi! Èmi tí mo ń gún iyán! Òkú wo ló ń gún iyán?" Mo já a léèékánná lápá. "Wò mí lójú, Lámì." Ó gbé ojú sókè, ó dé ọrùn mi, ó tún padà sí iṣu. Ìgbà yẹn ló yé mi. Gbogbo ojú tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi láti ọjọ́ tí mo dé, èmi ló pè é ní ọ̀wọ̀. Àti oúnjẹ tí kò níyọ̀: oúnjẹ òkú ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti dà rú fún mi. Mo tọ́ ọbẹ̀ mi wò, n kò gbọ́ iyọ̀. Mo fi kún un, n kò gbọ́ ọ, mo tún fi kún un, títí àwọn ọmọkùnrin wa fi figbe ta pé ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni. Oúnjẹ kò wù mí mọ́. Mo ń fọwọ́ kan àwọn èèyàn láìnídìí, kí n lè rí i bóyá wọ́n á wẹ̀yìn. Mo bi Lámì pé báwo ni ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀ ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ó ní bíi ti gbogbo wọn ni: ẹni rẹ̀ ni yóò pè é kọjá afárá, ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ náà fún ẹni tí yóò pè é.

"Èmi fúnra mi ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ pe ọkọ mi?"

"Ẹni tí wọn ò tíì pè, kò lè pe ẹlòmíràn."

Bí n kò bá kúrò nínú omi, ọkọ mi náà yóò wà níbẹ̀ títí, Yèyé á sì máa bu iyán fún ewúrẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìpè

Mo rò ó fún Alhaji Múrí. "Astaghfirullah!" ló fi dá mi lóhùn. "Kè é ṣe uṣẹ́ tó gbé wa wá nìyẹn. N kò fọwọ́ sí i." Ó ní ebi ló ń dà mí láàmú, kí n lọ jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ tí irin ìkẹyìn wọ ipò rẹ̀, tí apá tuntun àti apá àtijọ́ fẹnu kan ara wọn, họ́ọ̀nù náà dún gidigidi, ohùn mẹ́ta, ó tún un dún, ó tún un dún. Àwọn ọmọkùnrin wa gbé abọ́ kalẹ̀. Alhaji ti ń kírun. Ó kírun tán, kò dìde. Mo gbé omi lọ bá a. Omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ùyàwó," ló wí, "ọjọ́ tí mo ti dé ibí ni mo ti mọ họ́ọ̀nù yẹn. Èmi ni mo sìn ín lọ ṣe é." Ó nu ojú. "Kí ni wọ́n ní kí n ṣe?"

Wọ́n ní kó pè mí. Ó ní ìyẹn kò le, ó la ẹnu, ó sì dákẹ́. Kò mọ orúkọ mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló ti ń jẹun lọ́wọ́ mi, kò mọ̀ ọ́n! Àwọn ọmọkùnrin Ọ̀kà náà kò mọ̀ ọ́n. Alhaji gun orí òkìtì òkúta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkàrẹ́, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti ìsàlẹ̀: "Ẹ̀yin ará Ọ̀kà yìí! Ẹ gbé ọmọ wa lọ, ẹ ò bèèrè orúkọ ẹ̀! Ṣé ewúrẹ́ lẹ rà ni?" Alhaji ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, bí àna tí wọ́n ká mọ́ ibi ìtìjú. Alhaji nìkan ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí kọnkéré orí rẹ̀ gbẹ, kí àwọn èèyàn ńlá tó wá ṣí afárá, gbogbo ìlú jáde sí ẹnu rẹ̀ ní ìhà gúúsù. Mo lọ dúró lójú ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́. Ọyẹ́ ti tún dé, ó bo ìpẹ̀kun méjèèjì, n kò rí ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ mi ni omi wà. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan kọ́ ni mo dúró níbẹ̀, pé ibẹ̀ kún bámúbámú bí ọkọ̀ tó gbé mi sọdá.

Ohùn Alhaji gba inú ọyẹ́ wá: "Mojísọ́lá o! Mojísọ́lá!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo rìn lọ, mo ń sunkún, mo ń dáhùn pé "Hòo, hòo, mò ń bọ̀," títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Kákà ló kọ́kọ́ dì mọ́ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, ó wò mí nínú ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi iyọ̀ sí mi láhọ́n. Mo gbọ́ ọ. Ó ta mí dé etí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe tiwọn. Ìdílé kan á bọ́ síwájú, á pe orúkọ kan, gbogbo ìlú á sì dákẹ́. N kò ní búra fún yín. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mò ń sọ: ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí kọnkéré, ẹsẹ̀ tútù, láìsí ènìyàn. Ìdílé náà á yí padà, wọ́n á máa lọ sílé láìwẹ̀yìn, ẹsẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé wọn. Kákà pe ọmọ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ sílé bí ẹni tó ń bá èèyàn rojọ́ ọjà. Lẹ́yìn náà ló tún padà wá nítorí tèmi.

Òun ló kọ́kọ́ bá mi pe ọkọ mi. "Bàbá Káyọ̀dé!" Ó pè é, ó pè é. Kò sí ẹsẹ̀. Họ́ọ̀nù dún ní ìsàlẹ̀, ó falẹ̀.

Lámì wò mí lójú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ṣé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn?"

Mo ní rárá, bí mo ṣe ń pè é ni.

"Ẹ pè é bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é."

Ẹ̀yin obìnrin ilé wa, ẹ mọ ohun tó ní kí n ṣe. Ìyàwó wo ló ń la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, ì báà ṣe nínú ìbínú, ì báà ṣe lórí ibùsùn wa. Àní nínú ìwé yìí, ẹ kò rí i kí n kọ ọ́. Mo wo Alhaji, bóyá yóò gbà mí. Ó gbọn orí. Ó ní, "Ìwọ ló ń wá a."

Mo bọ́ bàtà. Mo kọjú sí omi, mo fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, mo ké e tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ya:

"Fọlọ́runṣọ́! Fọlọ́runṣọ́ o! Fọlọ́runṣọ́, máa bọ̀ wá ulé!"

Odò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ń bọ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin tó sanra díẹ̀, tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀ bó ṣe máa ń wọ́ ọ. Gbogbo ara mi fẹ́ yí padà. Lámì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa lọ, kí n má wẹ̀yìn. Mo yí síhà gúúsù, mo rìn. Ó tẹ̀ lé mi títí dé ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọjá lára mi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù. Ó ń lọ síwájú mi, síhà ilé, n kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Họ́ọ̀nù kò dún mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí igbá lẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn ará ìbílẹ̀ wá sí ilé ìdáná, wọ́n na abọ́, wọ́n sì ń rojọ́ pé iyán mi le jù.

Ọ̀kà

Yèyé jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo ti ń ro ohun tí n ó sọ, torí ó ti kìlọ̀ fún mi kí n tó lọ. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá," ló wí, "ní ọ̀sán, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń ké orúkọ ọmọ mi lókè ibí yìí. Mo ní ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí, tó ń pe ọlọ́mọ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Mo jáde láti bú u. Mi ò rí èèyàn. Ni nǹkan tútù bá gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé."

Ọjọ́ ọjà yẹn ni ọjọ́ ìpè. N kò lè gbé orí sókè.

"Ṣé ùwọ ni?"

"Èmi ni, Yèyé. Ẹ má bínú."

"O pe ọkọ rẹ lórúkọ."

"Mo pè é, Yèyé."

Ó fa gèlè orí rẹ̀ tú, ó ká a sórí ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á. Mo wo inú ilé: kò sí abọ́ kankan tí wọ́n dé sórí pẹpẹ.

"Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí, "kí n gbọ́ ọ."

Mo pè é. Ìgbà náà ni Yèyé sunkún ọmọ rẹ̀.